Bí Wọ́n Ṣe Fi Orúkọ Wa Da Ààtàn Sí Òkè Arò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì pẹ́. Àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ ìbòjú àrùn kòrónà sọnù ni, ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé padà, ìyà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ olówó àti tálákà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì rò pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìjà pẹ̀lú. Mi ò mọ̀ pé èyí tí yóò dùn mí jù nínú gbogbo ìjà tí mo jà láyé ṣì wà níwájú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá bá mi lóṣù tó kọjá, ẹ bi mí léèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbà Ìta Arò kì í fi í yọjú sí ìpàdé tí káńsù bá pè. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ sọ pé ó jọ pé a ti gba kámú. N kò lè fún yín lésì lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí ni. Mo ro ó títí, mo wá rí i pé bí mo bá kú láìsọ ọ́, ẹ̀yin náà yóò gba ọ̀nà tí mo gbà, ẹ ó sì kọsẹ̀ níbi tí mo ti kọsẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó wà lórí àlééfà nígbà náà. Àwọn kan ti kú nínú wọn. Àwọn tó kù ṣì máa ń kí mi bí a bá pàdé lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Àpòmù ni wọ́n bí mi sí, Ìkirè ni mo lọ́kọ sí, ní àdúgbò Ìta Arò. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé ilẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan kì í mọ ìgbà tí òun wọ èkejì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì, mo sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní agbègbè wa fún ìgbà pípẹ́. Nígbà kan tí ìjọba lé àwọn olùkọ́ kan dànù láìṣẹ̀ láìrò, a dá iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni mo gbé ìwé káàkiri pé kí gbogbo wa buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ pé ìwọ̀nba aláìgbọràn díẹ̀ ló ń da ìlú rú, a na ìwé náà sí wọn lójú. Wọ́n dá àwọn ènìyàn wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà gbọ́ pé ẹni tí kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò wá ló rí. Ìgbàgbọ́ yẹn ló kó bá mi.

Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ káńsù wọ àdúgbò wa tòun ti gbohùngbohùn lórí. Wọ́n ní káńsù fẹ́ wá ibi tí gbogbo ìlú yóò máa da pàǹtí sí, pé ìjọba yìí kò ní dá ṣe é, pé kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí àga mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ìjọba kò bi Ìta Arò léèrè ohunkóhun rí. Mo mú ọ̀pá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé.

Ilé Bàbá Ràímì ni mo ti pẹ́ jù. Agbẹ́kànga ni Bàbá Ràímì. Bí ẹ bá rí kànga mẹ́wàá ní Ìta Arò, ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ mẹ́jọ nínú wọn. Òun ló máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ yín, yóò bu yẹ̀pẹ̀, yóò fọ́n ọn láàárín ìka, yóò wá sọ pé, “Ibí kọ́, ẹ jẹ́ ká sún sọ́hùn-ún.” Kì í sì í ṣe àṣìṣe. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa tó o. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ó jókòó síwájú ilé, ó ń hun okùn.

Ó ní, “Tísà, ìpàdé wo? Àwọn wọ̀nyẹn ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó pè wá.”

Mo ní, “Bàbá, bí ẹ kò bá lọ, ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ omi fún wọn?”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sídí, wà lẹ́yìn máṣìnì ìránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Mo kọ́ ọ ní ìwé kẹta àti ìwé kẹrin; ọmọ tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára bí ìwé ìtẹ̀wé ni. Ó ti di ìyá ọmọ kan nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ń ránṣọ níwájú ilé bàbá rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni n ó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá yí i padà, a ó ka tiwa.”

Bàbá Ràímì wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ohun tí Sídí bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí kò ṣe.

Ìpàdé kún. Wọ́n ta kánópì sí pápá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pín búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá. Alága káńsù kò wá, ó rán ẹni tó fi ṣe olórí ètò ìmọ́tótó, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Supafáísọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó ní, “Ẹ̀yin òbí wa, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin lẹ ni orí, àwa kàn ní abẹ lọ́wọ́ ni.” A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó ní ibi méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kòtò ńlá Òkè Arò, níbi tí àwọn tó ń ṣe títì ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa láyé ijọ́un. Èkejì ni ilẹ̀ kan tó ṣófo lọ́nà Wásinmi, tí ẹbí tó ni ín ti ní àwọn lè fi sílẹ̀. Ó ní kòtò Òkè Arò ni káńsù fẹ́ràn, nítorí pé ó súnmọ́ títì, ọkọ̀ kò sì ní rìn jìnnà.

Bàbá Ràímì dìde.

Ó ní, “Kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo ti ń gbẹ́ kànga níbí. Yanrìn ló wà nísàlẹ̀ Òkè Arò, kì í ṣe amọ̀. Yanrìn kì í dá omi dúró. Ohun tí ẹ bá dà sínú kòtò yẹn, òjò yóò fọ̀ ọ́ wọlẹ̀, inú kànga wa ni yóò ti jáde. Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ọ̀nà tí omi yẹn ń tọ̀, ó dé Àpòmù. Ẹ gbé e lọ sọ́nà Wásinmi. Amọ̀ líle ló wà níbẹ̀, mo ti gbẹ́ ibẹ̀ rí, n kò kan omi.”

Supafáísọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Sídí dìde pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwa wá ni ààtàn náà?”

Ẹ̀rín náà dá. Mi ò lè gbàgbé bí ojú Supafáísọ̀ ṣe rí. Ó yáa wẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ní òun kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí a tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn tí ẹni bíi mẹ́wàá mìíràn ti sọ̀rọ̀, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà Wásinmi nawọ́. Gbogbo wa la nawọ́. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ Òkè Arò nawọ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní, “A ti gbọ́ yín.”

Nígbà náà ni wọ́n gbé ìwé jáde, ìwé tí wọ́n ti fa ìlà sí, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lókè rẹ̀. Ó ní kí a kọ orúkọ wa, kí a sì buwọ́ lù ú, kí wọ́n lè mọ iye ẹni tó wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ tèmi. Nígbà tó kan Bàbá Ràímì, ó ká ọwọ́ kò.

Ó ní, “N kì í tẹ ìka sí ìwé tí kò sọ nǹkan kan.”

Mo tẹ̀ bá a, mo ní, “Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí a kò bá kọ orúkọ wa, wọn yóò ní a kò wá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, á dà bí ẹni pé ẹ kò sọ ọ́.”

Ó ní, “Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Tísà.” Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kò tó oṣù méjì tí ọkọ̀ típà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sí Òkè Arò. A kọ́kọ́ rò pé yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń wà. Ìgbà tí eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwo àwọn tó ń ta dòdò létí títì, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn wọlé, la tó gbà pé òótọ́ ni. A lọ sí káńsù, èmi, Bàbá Ràímì, Sídí àti àwọn àgbà méjì. Supafáísọ̀ gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ṣí fáìlì, ó na ìwé sí mi.

Ó ní, “Màmá, ta ló ni orúkọ àkọ́kọ́ yìí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Ta ló buwọ́ lù ú?”

“Èmi ni. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tó wà lókè rẹ̀ yìí, n kò rí i lọ́jọ́ náà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, olùkọ́ ni yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí a máa kàwé kí a tó buwọ́ lù ú.”

Bàbá Ràímì bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kà á fún un. Wọ́n kọ ọ́ pé àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, olùgbé Ìta Arò, fi ìfẹ́ inú wa gbà pé kí káńsù lo kòtò Òkè Arò. Wọ́n fi ojú ìwé náà lé orúkọ wa, wọ́n fi píìnì kàn án pọ̀. Bàbá Ràímì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ó dùn mí, àmọ́ mi ò jókòó. Mo mọ bí a ṣe ń jà. Mo lọ sí Àpòmù lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ omi yìí kàn wọ́n. Mi ò tíì jókòó tí ó fi bú mọ́ mi.

Ó ní, “Àjọkẹ́, wọ́n ti sọ fún wa. Wọ́n ní orúkọ rẹ ló ṣáájú. Ìwọ ọmọ Àpòmù lo buwọ́ lù ú kí wọ́n da ìdọ̀tí sí wa lómi?”

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé títí. Bí ènìyàn bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ pé òkò ló wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ó fà mí dìde. Ó ní, “Ó dáa. Ọjọ́ wo lẹ ń wọ́de?”

A wọ́de náà. Sídí rán aṣọ funfun gígùn kan, ó fi aṣọ pupa gé lẹ́tà sí i lára pé: ẸNU WA KỌ́ LÓ SỌ BẸ́Ẹ̀. Àwọn ará Àpòmù wá bá wa lójú ọ̀nà, àwọn onímọ́tò, àwọn alágbàdo, àwọn alásàlátù àti àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó sẹ́nu géètì káńsù. Àwọn ọlọ́pàá wá, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kàn wá. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí ẹni mẹ́ta wọlé. Alága fúnra rẹ̀ ló bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, pé èmi náà yóò wà nínú rẹ̀, pé ọkọ̀ kankan kò ní lọ síbẹ̀ mọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi parí iṣẹ́.

Mo jáde, mo sọ fún àwọn ènìyàn pé a ti borí. Sídí ní, “Màmá Tísà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ná, kí a tó lọ.” Mo ní ọ̀rọ̀ Alága tó. Àwọn ènìyàn ti rẹ̀, oòrùn ń mú, èmi náà ti rẹ̀. A kásẹ̀ ńlẹ̀, a lọ sílé.

Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ fi dúró, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tí mo fẹ́ pe ìwọ́de mìíràn, ìwọ̀nba ènìyàn ló jáde. Àwọn tó kù ní bí a bá tún lọ, a ó tún padà wálé ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ràímì ń lọ láti kànga dé kànga. Ó ń fa omi sókè, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n má mu ún láìsè. Àwọn kan ń sè é. Ṣùgbọ́n ta ló lè máa se gbogbo omi ilé lójoojúmọ́? Ẹ̀rọ omi ìjọba kò yọ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Àwọn ènìyàn ń da álọ́ọ̀mù sí i. Ojú rẹ̀ ń mọ́, wọ́n rò pé inú rẹ̀ náà ti mọ́. Kí òjò tó wọ oṣù kejì, onígbáméjì ti wọlé. Ilé kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì, ó dé Àpòmù. Mi ò ní ka àwọn tó lọ. Àwọn ẹbí wọn mọ̀ wọ́n.

Wọ́n wá pè mí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé Sídí wà ní ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin tí mo rí lánàá, tó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ti wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ, awọ ọwọ́ rẹ̀ rí bí ti arúgbó. Omi dírípù wà lápá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Sídí ní, “Màmá Tísà, kọ́ọ̀bù omi kànga kan péré ni. Aṣọ Iléyá pọ̀ nílẹ̀, mo fẹ́ parí rẹ̀, omi tí mo sè ti tán. Òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó sinmi. Kò gbọ́. Ó ní, “Ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sí yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣìnì mi. Ẹ kà á fún wọn. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kà o.”

Nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Sídí ti lọ.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wọn. Àwọn olùbánikẹ́dùn kún iwájú ilé. Alàgbà kan, ẹni rere ni, ó fẹ́ tu Bàbá Ràímì nínú bí a ti máa ń ṣe fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó ní, “Bàbá, ẹ mú ọkàn le. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Bàbá Ràímì gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dárúkọ omi létí mi lónìí.”

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Nígbà tí ìròyìn ikú ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ju káńsù lọ, Alága wá sí Ìta Arò pẹ̀lú àwọn oníròyìn láti wá bá wa kẹ́dùn. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n tún ta kánópì sí. Alága bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé ó bani nínú jẹ́, pé àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló yan ibẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo dìde. Mo ní mo fẹ́ ka nǹkan. Bàbá Ràímì ló gbé ìwé náà wá, ó fi aṣọ wé e. Ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì jókòó padà.

Sídí kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nípa yanrìn àti amọ̀, ó wà níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ààtàn tí Supafáísọ̀ sọ, ó wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè fún ọ̀nà Wásinmi, pé kò sí ọwọ́ kan fún Òkè Arò. Mò ń kà á, àwọn ènìyàn ń sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni! Òótọ́ ni!” Àwọn oníròyìn ń kọ ọ́. Mo wá dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo ti rí i nígbà tí mo lọ ka ìwé náà nílé wọn, mo sì ti rò ó lọ́kàn pé mo lè fò ó. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bàbá Ràímì kò lè kàwé.

Mo rántí pé Sídí ní gbogbo rẹ̀ ni kí n kà. Mo kà á.

“Supafáísọ̀ ní ìwé tí wọ́n gbé jáde, ti iye ẹni tó wá ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Màmá Tísà ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.”

Mo pa ìwé náà dé, mo jókòó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ dáwọ́ dúró, kò sì tún lọ síbẹ̀ mọ́ títí di òní. Wọ́n gbé ààtàn lọ sọ́nà Wásinmi níkẹyìn, níbi tí agbẹ́kànga ti ní kí wọ́n gbé e lọ látìbẹ̀rẹ̀. Káńsù tún gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá pe ará ìlú sí, wọn yóò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé sókè kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú, ará àdúgbò yóò sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀dà yẹn lónìí, tí ẹ ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀ nígbà mìíràn, ibi tó ti wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti dà sí Òkè Arò kò kúrò níbẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n wọ́ bò ó, koríko ti hù lórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ṣì ń gbóòórùn rẹ̀. Supafáísọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ipò mìíràn. Ó sanra sí i.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ Sídí, mo lọ bá Bàbá Ràímì. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí pé ìkúnlẹ̀ kò tó mi. Ó ní kí n dìde.

Ó ní, “Tísà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló pa á. Mo mọ ẹni tó pa á. N kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n má tún wá kan ilẹ̀kùn mi nítorí ìpàdé mọ́.”

Mi ò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ìpàdé mọ́. Kò sì gbẹ́ kànga kankan láti ìgbà náà.

Lọ́dún tó kọjá, káńsù tuntun ní àwọn fẹ́ fi kànga ẹ̀rọ ta wá lọ́rẹ. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n bèèrè ibi tí a fẹ́. Ẹni tó wá kò tó ogún. Wọ́n mú ibi tó wù wọ́n, ẹ̀rọ gbẹ́ ilẹ̀, kò kan omi. Wọ́n sún síwájú, wọ́n gbẹ́ ẹ, kò kan omi. Iwájú ilé Bàbá Ràímì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, mo kí i, mo rọra bi í pé ṣé ó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́.

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò ṣe sọ fún wọn?”

Ó ní, “Mo ti sọ̀rọ̀ rí, Tísà.”

Ìdáhùn tí ẹ wá lọ́dọ̀ mi lóṣù tó kọjá nìyẹn. Àwọn àgbà Ìta Arò kò ya ọ̀lẹ. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ rí ni. Ẹni tí wọ́n bá fi ohùn ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa tún la ẹnu, ó ṣòro. A gba òfin kan, a pàdánù àwọn tó yẹ kó lò ó. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ìdajì àkàrà sàn ju àìní lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè fi tòótọ́tòótọ́ sọ fún yín pé ó tó ohun tí a san.

Ẹ lọ sí àwọn ìpàdé náà. Bí mo ti dàgbà tó yìí, mo ṣì ń lọ. Mò ń jókòó níwájú, mo sì ń gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n bá kà dópin kí n tó fọwọ́ kan bírò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn àgbà bá yín lọ, ẹ má ṣe wá máa bá wọn sọ pé ìlú nílò wọn. Wọ́n mọ̀. Ohun tí káńsù jẹ wá ní gbèsè kò nira. Kí ẹnì kan láti káńsù yẹn, ẹni yòówù kó jẹ́, rìn wá sí iwájú ilé Bàbá Ràímì lójú ọ̀sán, kó jókòó, kó sì sọ fún un lójú àwọn ènìyàn pé ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni, àti pé wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì pa á tì.

Mo ti kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí alága méjì. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, kò tíì sẹ́ni tó wá.